Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ kòkòrò àrùn lára àdán láìpa wọ́n

Ní 1956, lára àdán tó ń jẹ èso ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kòkòrò àrùn kan tó jẹ́ ẹbí dìgbòlugi. Orúkọ Èkó ni wọ́n fi ń pè é títí dòní: Lagos bat virus. Irú àdán yìí kan náà ló kún orí igi ní ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ àti ní Accra.

Pípa wọn kì í ṣe ojútùú. Ní Kitaka, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní Uganda, wọ́n pa àdán run lẹ́yìn tí Marburg, àrùn ibà tó ń pani, mú àwọn awakùsà ní 2007. Nígbà tí àdán padà wọ ibẹ̀, 13.3% ló ní kòkòrò náà lára, 5.1% ni tẹ́lẹ̀.

Ìtọ̀ wọn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti awò ojú. Ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀ o.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ sábẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń so rọ̀ sí. Ìdájí ni wọ́n ń ti ìjẹ dé, wọn kì í sì í pẹ́ tọ̀. Ẹ ó rí i tó ń kán tó, tó, sórí ọ̀rá. Ẹ fi sírínjì tuntun fà á, ẹ fo èyí tí ìgbẹ́ ti bà jẹ́, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi sí i lára, kí ẹ sì tì í bọ inú yìnyín kí oòrùn tó mú. Ọ̀rá kéékèèké sàn ju ńlá kan lọ: tí ìtọ̀ àdán púpọ̀ bá dà pọ̀, ẹyọ kan tó ní àrùn á kó bá gbogbo ìyókù nínú èsì.

Àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá àbùdá kòkòrò, á sọ bóyá kòkòrò wà nínú ìtọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ èyí tó ti kó o rí, nítorí ohun tí ara fi bá àrùn jà ṣì máa ń wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni kó ta àwọ̀n: ìbọ̀wọ́ aláwọ lọ́wọ́, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbi ìyẹ́, wọ́n á kọ bóyá akọ ni tàbí abo, ọmọ tàbí àgbà, wọ́n á sì tú u sílẹ̀.

Ẹ tún padà lọ lóṣooṣù, ó kéré tán ọdún kan gbáko. Àdán ń ṣí kiri, ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá sì máa ń tán lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Nígbà náà ni àrùn ń ráyè wọlé. Oṣù tó bá ga jù nínú èsì yín, ẹ tètè sọ ọ́ fún àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń ṣa èso lábẹ́ igi wọ̀nyẹn.