Bá a ṣe ṣeré kíráísì fáwọn nọ́ọ̀sì

SS ni àbúrò mi obìnrin, ìyẹn ni pé ó ní sickle cell. Láti kékeré ni mo ti mọ bí kíráísì, ìrora líle tó máa ń bá àwọn tó ní SS, ṣe máa ń kì í mọ́lẹ̀ lóru, tá a máa sáré gbé e dé ẹmájẹ́ńsì, tí nọ́ọ̀sì á gbójú sókè, á ní "O tún ti dé?" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí wọra. Tíátà ni mo kọ́ ní yunifásítì, ìgbà tí mátírọ́ọ̀nù kan tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì n'Ìbàdàn wá ní kí n ṣe nǹkan fáwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn dókítà kéékèèké tó wà lọ́dọ̀ wọn ní June 19, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ nípa sickle cell, mo ní mà, mi ò ní ṣe lẹ́kíṣọ̀ o. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ tó. Wọ́n mọ̀ jù mí lọ pé ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto ló ń tẹ̀ bíi dòjé, tó ń dí ojú iṣan, tí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní ráyè dé eegun. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bó ṣe ń rí kéèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó máa dúró de ẹni tó máa gbà pé òótọ́ ni nǹkan ń dun òun.

Mo kọ́kọ́ lọ síbi ìpàdé àwọn tó ní SS ládùúgbò wa, àwọn méje ló gbà láti bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan, mi ò sì gba ohùn wọn sílẹ̀, ìwé àti báírò ni mo mú lọ. Ọmọkùnrin kan sọ fún mi pé tí itan òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro òun bíi pé wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ, fóònù lòun máa ń tẹ̀, géèmù lòun máa ń gbá kí ọkàn òun lè kúrò níbẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì á wá kọjá, á ní ẹni tó ń rora kọ́ ló ń gbá géèmù yìí. Tó bá sì ké, wọ́n á ní àṣejù ni. Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, báwo gan-an ni kí n ṣe rora kí wọ́n tó gbà mí gbọ́?" Mi ò rí ìdáhùn fún un. Obìnrin kan ní òun mọ orúkọ oògùn tó ń bá òun lára mu àti ìwọ̀n rẹ̀, àmọ́ tóun bá ti dárúkọ ẹ̀ báyìí, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ti di bárakú fún òun.

Inú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni mo ti kọ eré náà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bẹ́ǹṣì kan, tábìlì kan, àti irin tí wọ́n fi ń gbé omi kọ́, ó tán.

Irú eré tí Augusto Boal, ọmọ Brazil, fi lélẹ̀ la ṣe. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba níbẹ̀ tì í mọ́lé ní 1971, ó sì kúrò nílùú. Peru ló wà ní 1973 nígbà tí obìnrin kan nínú àwọn òǹwòran ò fara mọ́ bí eré ṣe ń lọ, Boal bá ní kó bọ́ sórí ìtàgé kó fi hàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é: ẹ ṣe eré náà lẹ́ẹ̀kan kó parí síbi tí kò dáa, ẹ tún un ṣe, ẹni tó bá rí ibi tí nǹkan ti wọ́ á kígbe pé "Dúró!", á gbapò òṣèré. Kì í le fún Yorùbá rárá, ṣebí láti ìgbà aláàrìnjó la ti ń dá sí eré látorí ìjókòó.

Rìhásà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi àti súwẹ́tà ò wọ́n níbẹ̀, torí òtútù àti òùngbẹ nìkan tó láti bẹ̀rẹ̀ kíráísì. Mo ṣàṣìṣe níbẹ̀rẹ̀, mo mú akẹ́kọ̀ọ́ tíátà kan pé kó ṣe aláìsàn, ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń pariwo. Àwọn tó ní SS kàn ń wò ó. Ọ̀kan ní, "Kì í rí bẹ́ẹ̀. Tó bá dé ojú ẹ̀ gan-an, o ò ní fẹ́ mira." La bá yọ gbogbo ariwo kúrò. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn wá ní òun lòun máa ṣe nọ́ọ̀sì, pé òun mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà. A ò sì sọ nọ́ọ̀sì yẹn di èèyàn burúkú, òun nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù, iná ti lọ, bẹ́ẹ̀dì ò sí, torí tá a bá bú wọn, wọ́n á kàn ká apá gbera.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ní "O tún ti dé?" báyìí, gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dá ohùn yẹn mọ̀. Nígbà tó dé ibi fóònù, ẹ̀rín dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì kékeré kan kígbe "Dúró!", ó gbapò, ó béèrè pé látorí oókan dé ẹ̀wá, mélòó ni ìrora ẹ. "Mẹ́sàn-án." Ó wo fóònù ọwọ́ aláìsàn, ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Wọ́n ń pariwo pé kó fún un lábẹ́rẹ́, dókítà kan dìde pé ta ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fún un, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro òru wà.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní òun fẹ́ ṣe aláìsàn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gba fóònù. Obìnrin wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní, "Ẹni tó ń rora kì í gbá géèmù, mà." Màmá yẹn yanu, kò sọ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí sí ọmọ kan rí." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin wa bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì, ó ní, "SS lèmi náà, mà. Wọ́n ti sọ ọ́ sí mi rí."

Mátírọ́ọ̀nù àtàwọn dókítà ti ń ṣe káàdì báyìí, oògùn tó bá kálukú lára mu àti ìwọ̀n ẹ̀ ló wà níbẹ̀, dókítà á sì bu ọwọ́ lù ú, kí ọ̀rọ̀ "ta ló kọ ọ́" yẹn kúrò nílẹ̀ lóru. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é níbi tiyín, ẹ rí i pé àwọn dókítà wà níbẹ̀, kó má jẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan. Kẹ́ ẹ sì pe àwọn òṣèré yín lọ́jọ́ kejì. Obìnrin wa ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, ó ní ohùn ara òun ló ń dún létí òun, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.