Bí mo ṣe dá àwọ̀ padà sínú man

Lẹ́yìn tí mo ṣe update Linux mi, àwọ̀ tí mo fi sí ojú ìwé man (ìwé tó ń ṣàlàyé àwọn àṣẹ Linux) pòórá. LESS_TERMCAP_md àti LESS_TERMCAP_us, tí mo fi yan àwọ̀ fún ọ̀rọ̀ tó dúdú kirikiri àti èyí tó ní ìlà lábẹ́, ṣì wà digbí nínú .bashrc, fáìlì tí terminal ń kà bó bá ṣí. less, tó ń fi ojú ìwé náà hàn, kọ́ ló ṣẹ̀, groff tó ń to ọ̀rọ̀ fún man ni. Kóòdù SGR, tó ń sọ ìrísí àti àwọ̀ ọ̀rọ̀ fún terminal, ló ń gbé jáde báyìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà àtijọ́, tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà lé ara rẹ̀ lórí kó lè dúdú kirikiri, ni LESS_TERMCAP ń bá ṣiṣẹ́. Mo fi èyí kún .bashrc, kí groff lè padà sí ọ̀nà àtijọ́:

export GROFF_NO_SGR=1

Mo ṣí terminal tuntun, mo tẹ man ls. Àkọlé pupa, ọ̀rọ̀ onílà lábẹ́ sì di àwọ̀ ewé. Ó wù mí jọjọ! Bí tiyín bá ṣì ń ṣagídí, ẹ dán export MANROFFOPT="-c" wò.