Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìtọ́jú Àyíká Ṣiṣẹ́ Jẹun ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àyíká ni ó máa ń kọ́kọ́ wá orúkọ oyè tí yóò wà lára ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ní tèmi, ohun tí ó ń bàjẹ́ níṣojú yín, tí ọkàn yín kò sì gbà kí ẹ máa wò níran, ni ó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ odò tí àwọn awagóòlù ti sọ di ẹrẹ̀ lágbègbè Iléṣà. Ó lè jẹ́ igbó tí wọ́n ń gé lẹ́yìn Ifẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ sì wádìí ẹni tí yóò sanwó kí ó lè dára.

Ẹ jẹ́ kí a fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí ó bá wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, àti pé a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oko náà wà gan-an. Ojú kan lórí máàpù ti tó fún oko tí kò ju hẹ́kítà 4 lọ. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀, gbogbo ààlà rẹ̀ ni a óò yà. Yúróòpù ni òfin wà, ṣùgbọ́n abẹ́ igi kòkó níhìn-ín ni iṣẹ́ yíya máàpù oko wà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà: ilé ẹ̀kọ́ AFRIGIST, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè ní RECTAS, orúkọ rẹ̀ àtijọ́, wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, iṣẹ́ yíya máàpù ni wọ́n sì ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tí owó kò tíì tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni.

Oko ẹbí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Nígbà tí ó bá kan oko ẹlòmíràn, ẹ béèrè, kí ẹ tó mú fóònù tí ẹ ó fi wọn ilẹ̀ jáde, bóyá olóko ni ó ni ilẹ̀ tàbí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, nítorí pé bí onílẹ̀ bá gbọ́ pé àjèjì kan ń wọn ilẹ̀ òun láìsọ fún un, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Ẹ pe àwọn tí wọ́n jọ pààlà, kí wọ́n bá yín rìn láti pèrègún kan dé èkejì. (Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí a fi ń gbin pèrègún sí ààlà, kò tíì ṣe tán fún iṣẹ́ yìí, bí oyè rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó.) Bí àwọn méjì bá ń jà lórí ibì kan, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, adájọ́ kọ́ ni yín.

Bí oko mẹ́wàá bá ti pé, ẹ kó máàpù wọn lọ bá àwọn tí ń ra kòkó láti tà á sí Yúróòpù, kí àkókò ìkórè ńlá tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹwàá tó wọlé. Ẹ má tíì fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé bí kòkó bá ti tán lórí igi, owó iṣẹ́ yìí náà a máa fà sẹ́yìn.