Bí a ṣe ń jó bọ́kẹ́ẹ̀tì katapílà tó ti jẹ tó sì sán, lórí pápá iṣẹ́

Òkúta gíránáìtì ni a ń fọ́ ní àwọn ibi ìfọ́kúta tó yí Abẹ́òkúta ká, irú òkúta yìí sì ní èròjà quartz nínú, èyí tó le ju irin lásán lọ. Ìdí nìyẹn tí ètè bọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń jẹ, tí igun rẹ̀ sì ń sán. Nítorí pé gbígbé katapílà lọ sí ilé iṣẹ́ ń náni lówó gọbọi, wẹ́dà ni a máa ń pè wá síbi tí ẹ̀rọ náà wà. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú ibi tí a jó bá tún sán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọwọ́ wẹ́dà ló fà á, bí kò ṣe ohun tí a kò ṣe kí iná tó tàn.

Ẹ gbé katapílà sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ pátápátá, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ti àwọn ọwọ́ ìdarí síwá sẹ́yìn kí agbára òróró háídírọ́líìkì (òróró tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì) lè tú. Ẹ yọ wáyà bátìrì, kí ti òdì (−) kọ́kọ́ kúrò, kí ẹ sì já kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ìwé olùṣe rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ wẹ́dà) gbọ́dọ̀ wà lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ jó, lórí irin tí a ti họ mọ́. Bí ẹ bá fi kọ́ ara katapílà níbòmíràn, iná yóò gba inú píìnì, bẹ́ríǹgì àti sílíńdà (ohun tí òróró ń tì kí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbéra) kọjá, yóò sì jẹ ojú wọn. Ẹ fi aṣọ tí iná kì í jó bo àwọn róbà òróró, kí ẹ gbé ẹ̀rọ ìpaná sítòsí, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán lẹ́yìn tí ẹ bá parí.

Àwọn ibì kan wà tí wẹ́dà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lórí pápá. Ẹ má jó ọ̀pá sílíńdà tó ń dán, ẹ má jó férémù tó ń dáàbò bo awakọ̀ bí ẹ̀rọ bá dojú dé, ẹ má sì jó rímù tí táyà wà lára rẹ̀, nítorí pé ooru lè mú kí táyà bú gbàmù, irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ sì ti pa èèyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mọ irú irin tí ẹ ń jó. Irin tí a mú le nípa iná àti omi ni wọ́n sábà fi ń ṣe ètè bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin tí a yọ́ dà sì ni ìdí eyín rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ kí a mú wọn gbóná kí a tó jó wọn. Ti eyín ẹ̀rọ ìfọ́kúta yàtọ̀ pátápátá: irin tí mangáníìsì inú rẹ̀ tó ìdá 11 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni, mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ ọn, a kì í sì í mú un gbóná ṣáájú, ńṣe ni a ń jó o díẹ̀díẹ̀ kí ooru rẹ̀ má baà kọjá 260 °C.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ojú sísán fúnra rẹ̀. Ojú lásán kì í rí ibi tó parí sí. Ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, kí ẹ fín aró pupa tí a fi ń wá ojú sísán sí i, kí ẹ nù ún kúrò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fín ẹfun rẹ̀ lé e. Ibi tí aró bá ti yọ jáde ni irin ti là. Ẹ lu ihò kékeré sí ìkángun méjèèjì kí ó má baà sá síwájú nígbà tí iná bá bà á. Ẹ wá fi ọ̀pá kábọ́ọ̀nù (tí iná rẹ̀ ń yọ́ irin) àti afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (tó ń fẹ́ irin yíyọ́ náà dànù), tàbí gíráńdà, gbẹ́ gbogbo rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ títí ẹ ó fi dé ara irin tó jí pépé, kí ojú tó ṣí dà bíi lẹ́tà V. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá kábọ́ọ̀nù lẹ lò, ẹ fi gíráńdà họ awọ dúdú tó bá kù, torí pé awọ náà le gan-an, ó sì ń sán. Ẹni tó bá kàn jó irin lé ojú sísán lórí láìgbẹ́ ẹ ti bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ ni, kò tíì wò ó sàn.

Ẹlẹ́tíróòdù (ọ̀pá irin tí wẹ́dà ń yọ́ sójú iṣẹ́) 6013 tí gbogbo wa fi ń jó géètì àti fèrèsé kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lo 7018, èyí tí a ṣe kí háídírójìn inú rẹ̀ kéré. Háídírójìn máa ń ti inú ọ̀rinrin wọ irin tó ń yọ́, á sá pamọ́ síbẹ̀, irin líle yóò sì là láti inú lẹ́yìn tí ó bá tutù. Nítorí náà, bí ẹ bá ti já páálí 7018, inú ààrò rẹ̀ tó gbóná tó nǹkan bí 120 °C ni kí ó máa gbé, ìwọ̀nba tí ẹ ó lò láàárín wákàtí mẹ́rin sì ni kí ẹ máa mú jáde. Lásìkò òjò, mo rò pé ó sàn kí ẹ mú èyí tó kéré sí i. Èyí tó bá ti gba ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ padà sínú ààrò tó gbóná ju 260 °C lọ fún wákàtí méjì ó kéré tán. Sísá a sóòrùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe, kò lè yọ ọ̀rinrin náà.

Ẹ fi iná gáàsì mú irin náà gbóná tó nǹkan bí 150 °C, kí ooru náà dé inú irin, kí ó má ṣe mọ sí ojú rẹ̀ nìkan. Ṣọ́ọ̀kì tí í yọ́ bí ooru bá ti pé ni kí ẹ fi wò ó, ní nǹkan bí 75 mm sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ jó. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá 200 °C lára ètè bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí líle rẹ̀ má baà dínkù. Kí ẹlẹ́tíróòdù súnmọ́ irin, kí ẹ máa fa ìlà tóóró dípò kí ẹ máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì lu sìlágì (èèpo tó ń bo ojú ìlà tí a jó) kúrò pátápátá kí ẹ tó gbé ìlà mìíràn lé e. Ẹ má dá iṣẹ́ dúró ní agbedeméjì, ẹ má sì parí ìlà kankan sí igun, nítorí pé igun ni agbára iṣẹ́ ń kó jọ sí jù. Bí ẹ bá parí, ẹ fi iyanrìn gbígbẹ tó móoru tàbí aṣọ tó nípọn tí iná kì í jó bò ó, kí ó tutù wọ́ọ́rọ́. Ẹ má da omi sí i.

Ẹ̀yìn èyí ni awọ líle tí a fi ń dènà jíjẹ tó kàn. Ẹlẹ́tíróòdù oníkírómíọ̀mù dára fún un, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìpele rẹ̀ ju méjì sí mẹ́ta lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ṣí kúrò. Àwọn ìlà sísán wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ lójú rẹ̀ kò burú, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá wọ inú irin ìsàlẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ òkúta ńláńlá ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ń kó, ẹ fa ìlà náà sí ọ̀nà tí òkúta ń gbà wọlé; bí ó bá jẹ́ iyanrìn, ẹ fà á ní ìbú, kí iyanrìn lè dì sí àárín àwọn ìlà náà kó sì dáàbò bo irin.

Lẹ́yìn wákàtí 48, ẹ tún fi aró pupa yẹ ojú iṣẹ́ náà wò, torí pé sísán tí háídírójìn ń fà kì í yọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà kan, ẹ gbẹ́ ẹ dé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látorí mímú irin gbóná.