Bí a ṣe ń bu omi ìsàlẹ̀ láìjẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ tòkè

Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi tí wọ́n ń pè ní zooplankton kì í gbé ojú kan. Nínú òkun Àkítíìkì, irú èyí tó ń jẹ́ Calanus máa ń wá sókè láti jẹun nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá padà dé. Tí oúnjẹ bá tán, á sọ̀ kalẹ̀ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, òróró tó ti kó sára ni yóò sì máa fi gbé ẹ̀mí ró títí òtútù yóò fi kọjá. Ẹ lè wò ó bóyá àwọn ti dáàmù Ọ̀wẹ̀nà náà ń lọ sókè sódò láàárín ọ̀sán àti òru.

Ẹ wá igò onígíláàsì ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́, kọ́ọ̀kì, òkúta tó wúwo dáadáa, okùn méjì àti asẹ́ ògì. Sílípáàsì àtijọ́ tí a gé rọ́bótó ń ṣiṣẹ́ kọ́ọ̀kì. Asẹ́ tí wọ́n ń tà l'Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́ tó, bí ojú rẹ̀ bá ti há. Ẹ rẹ okùn sómi kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Okùn pupa ni ti kọ́ọ̀kì, funfun ni ti igò àti òkúta.

Ẹ bá apẹja wọ ọkọ̀, kí gbogbo yín wọ ẹ̀wù amúniléfòó (life jacket). Ẹ sọ igò tí a ti dé kalẹ̀ dé mítà tí ẹ fẹ́. Ẹ má kọjá mítà márùn-ún, nítorí omi á ti kọ́ọ̀kì wọnú débi pé kò ní ṣeé fà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Ẹ já okùn pupa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ wá dúró. Èéfọ́, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú igò, á máa hó wá sójú omi. Wọ́n á rí i, ìwàǹwára á mú wọn, wọ́n á fa igò sókè nígbà tí kò tíì kún. Omi òkè ló máa kún ìyókù, ohun tí wọ́n á sì kọ sílẹ̀ pé ó ti ìsàlẹ̀ wá, irọ́ ni. Igò tó ti kún kò ní àyè fún omi mìíràn. Nítorí náà, ẹ dúró títí èéfọ́ ìkẹyìn yóò fi tán, kí ẹ tún ní sùúrù díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á láìdúró lọ́nà.

Wàhálà yìí kan náà ni Fridtjof Nansen, onímọ̀ nípa òkun, ará Nọ́wè, gbìyànjú láti yanjú: àwọ̀n tirẹ̀, okùn ló ń fún un lọ́rùn pa kí wọ́n tó fà á dé ojú omi.

Ẹ bu igò mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sán gangan àti lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, lójú ibì kan náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀: ní Àkítíìkì, nígbà tí oòrùn kì í yọ rárá, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ń lé wọn sísàlẹ̀.

Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ da ohun tó kù lójú asẹ́ sínú abọ́ funfun. Àwọn tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ni ká kà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ìpele àti àkókò, yíǹkì á ṣí. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú wọn, sípíríìtì ilé oògùn tó.