Ẹ̀yin ará wa ní London, ẹ yẹ inú kẹ́tùlù yín wò

Ẹ jọ̀ọ́, èèpá funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Omi London le, ìyẹn ni pé èròjà òkúta pọ̀ nínú rẹ̀, torí púpọ̀ nínú omi náà ti gba inú òkúta ẹfun kọjá kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Tó bá ti gbóná ni èèpá yẹn ń dì. Ẹ da fínígà funfun àti omi pọ̀ lọ́gbọọgba sínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ wá ṣàn án dáadáa. Ẹ má da fínígà mọ́ bílíìṣì láéláé o, èéfín rẹ̀ lóró gan-an! Ní ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí èèpá yẹn má baà dì púpọ̀ nínú òun náà, ìwọ̀n ooru omi 30 tàbí 40 (Celsius) ti tó fún aṣọ tí kò dọ̀tí jù.