Bí mo ṣe ń darí ètò ìtọ́jú ìrora bárakú lórí fídíò

Ìlú Ọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ìmọ̀ nípa ara tọ́jú aláìsàn, àwọn tí ìrora ti di bárakú fún ni mo sì ń tọ́jú. Ìrora tó bá ti kọjá oṣù 3 là ń pè bẹ́ẹ̀. Egbò lè ti jinná, kí ara ṣì máa rán ìró ìrora lọ sí ọpọlọ. Tẹ́lẹ̀, yàrá kan là ń kó àwọn èèyàn jọ sí. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé lóṣù kẹta ọdún 2020, èmi àti saikọ́lọ́jísìtì (onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá) tí a jọ ń darí ètò náà gbé e lọ sórí fídíò.

Kí ẹgbẹ́ tó pàdé, mo máa ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Màá ní kí wọ́n gbé fóònù ti nǹkan lórí tábìlì, kí n lè rí wọn látorí dé ẹsẹ̀. Àga tí wọn yóò fi ṣe eré ìdárayá kò gbọdọ̀ ní táyà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní láti kan ògiri. Mo ń kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n wà àti nọ́ńbà ẹni tó wà nítòsí sílẹ̀. Gbogbo ìpàdé ni mo ń tún un bèèrè, torí ẹlòmíràn lè wọlé láti ilé ọmọ rẹ̀, tó bá sì ṣubú, ọwọ́ mi ò lè tó o. Mo tún ń bèèrè ẹni tó wà ní yàrá pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ jókòó tì kì í lè sọ tinú rẹ̀ tán.

Inú ilé gan-an ni fídíò ti wúlò jù lójú mi. Ìyá kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, sọ pé ẹ̀yìn kì í jẹ́ kí òun dìde láti ọjọ́ Àìkú títí wọ inú ọ̀sẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù dé ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń dáná." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Ọjọ́ Sátidé tí ara bá yá wọn ni wọ́n ń se ọbẹ̀ gbogbo ọ̀sẹ̀, lórí ìdúró, láìsinmi. A pín iṣẹ́ náà: ata lílọ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ di ohun tí wọ́n ń jókòó gé, aago fóònù sì ń dún kí wọ́n lè sinmi kí ìrora tó dé rárá. Láti yàrá ilé ìwòsàn, mi ò bá má mọ̀ nípa ìkòkò ọbẹ̀ yẹn láéláé.

Ọ̀pọ̀ máa ń na páálí oògùn sí kámẹ́rà. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lóṣù kẹrin ọdún 2021, fún ìrora bárakú tí kò sí àìsàn mìíràn tó tó láti ṣàlàyé rẹ̀, ní kí dókítà má ṣe bẹ̀rẹ̀ parasitamọ́ọ̀lù, ibuprofen tàbí oògùn opioid (apàrora líle irú mọ́fíìnì) fún un. Eré ìdárayá wà lára ohun tó dámọ̀ràn. Síbẹ̀, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró lójijì, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀.

Ìpàdé orí fídíò ní láti kúrú ju ti yàrá lọ, a sì ń dìde na ara láàárín rẹ̀, nítorí ìjókòó pípẹ́ nìkan tó láti ru ìrora sókè. Ní ìpàdé tó gbẹ̀yìn, kálukú ń kọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ìrora bá tún le: ohun tí yóò dín kù, èyí tí kò ní fi sílẹ̀, ẹni tí yóò pè. Ẹni tí kò ní dátà tàbí tí kò rí ibi kọ́lọ́fín jókòó sí nílé, mi ò fipá mú un sórí fídíò. Yàrá wa ṣì wà fún un.